Iṣẹ́ abẹ tọ́ńsìlì fún ọmọdé: ohun tí àwọn òbí ní Àbújá máa ń bi wá

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù etí, imú àti ọ̀fun máa ń gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn òbí: lẹ́nu ọ̀nà, lórí WhatsApp, nígbà mìíràn lóru mọ́jú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an. A kó wọn jọ síbí. Bí ohun tí dókítà tó yẹ ọmọ yín wò bá yàtọ̀ sí ti ibí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Kí ni tọ́ńsìlì gan-an? Adenoid ńkọ́?

Ẹ ní kí ọmọ yín yanu níwájú fèrèsé, kó sọ pé "ááà". Ẹran kékeré méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ní ẹ̀yìn ahọ́n ni tọ́ńsìlì. Wọ́n máa ń bá ara dá kòkòrò àrùn tó gba ẹnu wọlé mọ̀. Láàárín ọdún 3 sí 7 ni wọ́n sábà máa ń tóbi jù, lẹ́yìn náà wọ́n á máa sún kì.

Irú ẹran bẹ́ẹ̀ náà ni adenoid, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn imú ló wà, a ò lè rí i láti ẹnu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ lọ ya X-ray. Tí dókítà bá ní òun máa yọ méjèèjì pọ̀, kò wá owó kún owó o. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń hanrun, àwọn méjèèjì ló jọ ń dí ọ̀nà èémí.

Ṣé gbogbo ọmọ tí tọ́ńsìlì rẹ̀ tóbi ló yẹ kí wọ́n yọ ọ́ fún?

Rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní tọ́ńsìlì ńlá tí kò dí wọn lọ́wọ́ ohunkóhun. Ohun méjì ló sábà máa ń gbé ọmọ dé tíátà: èémí tí kò já gaara lóru, àti ọ̀fun dídùn lemọ́lemọ́.

Ti èémí: ọmọ ń hanrun lálaalẹ́, èémí rẹ̀ á dúró díẹ̀, á wá mí gùlẹ̀ bí ẹni tó yọrí jáde nínú omi. Ó ń na ọrùn sẹ́yìn sùn, ó ń làágùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́, tàbí ó ń tòògbé ní kíláàsì, tí ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Ẹ fi fóònù yín ya fídíò rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn, kí àyà rẹ̀ hàn dáadáa. Fídíò ìṣẹ́jú 2 ti ran dókítà lọ́wọ́ ju àlàyé wákàtí kan lọ.

Ti ọ̀fun: ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò ni ìgbà 7 láàárín ọdún kan, tàbí ìgbà 5 lọ́dún fún ọdún 2 tẹ̀léra, tàbí ìgbà 3 lọ́dún fún ọdún 3. Èyí tí ibà bá a wá, tí ọyún hàn lára tọ́ńsìlì tàbí tí kókó wú lọ́rùn, ni wọ́n ń kà. Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ máa kọ déètì ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí kò bá tó iye yẹn, dókítà lè ní kí ẹ ṣì ní sùúrù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ fúnra wọn.

Aládùúgbò wa ní wánsámì, onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Hausa tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ abẹ ìbílẹ̀, lè gé e ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ohun tí wánsámì ń gé yàtọ̀ sí tọ́ńsìlì. Ẹran ṣóńṣó tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀fun, tí àwọn Hausa ń pè ní beli, ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àríwá máa ń gé e fún ọmọ tuntun. Nítorí náà, tọ́ńsìlì tó ń dààmú ọmọ yín ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó.

Ewu ọ̀bẹ ibẹ̀ kò kéré: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ran ni, àti kòkòrò HIV. Àwọn ọmọ tí wọ́n gé báyìí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dá kì í ṣe àjèjì ní wọ́ọ̀dù. Ìyá àgbà tó fẹ́ fi ìka tẹ tọ́ńsìlì fọ́ náà, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.

Ibo la ti lè ṣe é, kí la sì máa kó dání?

Ní Àbújá, National Hospital tó wà ní Central Area àti University of Abuja Teaching Hospital ní Gwagwalada ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Ẹni tó bá wà lápá Kàdúná ní National Ear Care Centre níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni náà wà. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n dá lé e kan ti dókítà tó ń fi oògùn mú ọmọ sùn, ti bẹ́ẹ̀dì àti ti oògùn, kí wọ́n má baà máa fi owó kún un fún yín díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ń lo ìṣètò NHIA, ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún un, kí HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánigbófò náà, sì fún un ní kóòdù ìyọ̀ǹda kí ọjọ́ tó pé. Ẹ máa dúró ti kóòdù yẹn bí ẹni dúró ti owó oṣù, nítorí kì í dá wá. Káàdì, èsì àyẹ̀wò, fíìmù X-ray àti orúkọ gbogbo oògùn tí ọmọ ń lò, inú báàgì kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ń ti Mararaba tàbí Nyanya bọ̀ fún aago 7 àárọ̀, ẹ̀yin náà mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n máa ṣe fún un?

Wọ́n máa wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, genotype rẹ̀, àti nígbà mìíràn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dì. Wọ́n máa wọn kílò rẹ̀ dáadáa, nítorí kílò ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn ọmọdé.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí èsì lábù kò lè dáhùn. Ṣé ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá nígbà tí wọ́n dá abẹ́ fún un? Ṣé imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀? Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí, níhà ìyá tàbí níhà bàbá, tí oògùn oorun tíátà ti ṣe báṣubàṣu rí? Ẹ fóònù sílé kí ẹ béèrè kí ẹ tó wá.

Ìgbà wo ni ká sọ fún ọmọ, báwo la ṣe máa sọ ọ́?

Ọmọ ọdún 3 sí 5 kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ 2 tàbí 3 ṣáájú ti tó fún un. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù lásán lẹ gbé lé e lórí. Ọmọ ọdún 6 sí 11 lè mọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kó lè ráyè béèrè. Èyí tó ti ń bàlágà, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín látìgbà tí dókítà ti ń ṣàlàyé, kó sì fẹnu ara rẹ̀ béèrè.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò. Ọmọ tó ti dúró wo bí wọ́n ṣe ń dúńbú àgbò Iléyá, tí ẹ wá sọ fún un pé "wọ́n fẹ́ gé nǹkan lọ́fun ẹ", ó mọ ohun tó ń rò. Ẹ lè sọ báyìí: "Nǹkan kékeré méjì tó ń jẹ́ kí ọ̀fun máa dùn ẹ́ ni dókítà fẹ́ yọ. Oògùn kan máa mú ẹ sùn, o ò ní mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á pè mí wá sọ́dọ̀ ẹ. Ọ̀fun máa dùn ẹ́ fúngbà díẹ̀, a sì máa fún ẹ lóògùn sí i." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn òbí máa ń fò, òun gan-an ni kò yẹ kí wọ́n fò. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kò ní dùn ún rárá, tó wá jí bá ìrora, kì í gba omi lọ́wọ́ ẹni tó purọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀, omi yẹn ló máa wò ó sàn.

Bí ẹ bá ti sọ fún un rí pé bàbá àgbà "sùn" nígbà tí wọ́n papò dà, ẹ tètè ṣàlàyé. Oorun tíátà yàtọ̀: dókítà kan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó jókòó tì í títí tó fi máa jí.

Eré náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ife ike bo imú àti ẹnu bébì rẹ̀, kó ní kó mí, kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà kó gbé e bo imú tirẹ̀. Lọ́jọ́ tíátà, nígbà tí wọ́n bá gbé ìbòjú oògùn dé, kò ní jẹ́ ohun àjèjì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, látòní lọ, ẹ dẹ́kun "màá ní kí dókítà fún ẹ lábẹ́rẹ́!" nígbàkígbà tó bá ṣe àìgbọ́ràn.

Ọmọ mi lẹ́rù gan-an. Ṣé a ò lè sọ pé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Wuse la ń lọ?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa mọ̀ nígbà tó bá rí géètì ilé ìwòsàn, ẹ̀yin lẹ sì máa gbé e lójú ẹkún wọlé. Bí àwọn àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bá wá dé ńkọ́?

Aago mélòó ló gbọ́dọ̀ jẹun mọ?

Bí wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn fún yín: oúnjẹ àti wàrà, wákàtí 6 ṣáájú, ọmú ìyá, wákàtí 4, omi lásán, wákàtí 2. Ẹ̀kọ mímu, kúnú, Milo àti tíì oní mílíìkì, oúnjẹ ni gbogbo wọn. Fún iṣẹ́ abẹ aago 8 àárọ̀, oúnjẹ alẹ́ ni àjẹmọ, ó sì lè mu omi díẹ̀ títí di aago 6. Ẹ má fi ebi pa á láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú nítorí ìbẹ̀rù. Òùngbẹ máa ń mú kí ọmọ burú lọ́wọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí oògùn bá ti mú un sùn, ohun tó bá wà níkùn lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà èémí bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa ọmọ. Nítorí náà ẹ yẹ àpò rẹ̀ wò, ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé, pàápàá ìyá àgbà tí àánú ọmọ máa ń ṣe. Tó bá bọ́ sínú Ramadan, ọmọ tó jí bá yín jẹ sààrì ti jẹun nìyẹn.

Bó bá ti jẹ bísíkíìtì kan péré, ẹ sọ. Wọ́n lè sún un síwájú, ẹ̀yin náà lè kanra. Kí ẹ kanra sàn.

Oògùn àti àgbo wo ni ká dá dúró?

Aspirin kò yẹ kí ọmọdé máa lo tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá ti fún un, ẹ sọ fún dókítà. Ibuprofen, ẹ béèrè kí ẹ tó fún un. Gbogbo àgbo, òróró habbatus sauda, àsèjẹ àti ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀. A kì í bínú. Ohun tí a kò mọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù, torí àwọn kan ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣòro dá. Oògùn asthma tàbí ti wárápá, ẹ má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé, ọmọ sì ń ṣe ọ̀fìnkìn. Ṣé ká ṣì wá?

Ẹ fóònù kí ẹ tó gbéra. Imú tó ń sun omi díẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́ lè má dí nǹkan kan. Ibà, ikọ́ tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àyà tó ń dún, tàbí ibà ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, wọ́n sábà máa ń sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ọ̀nà èémí tó ń gbóná lè dí nígbà tó bá ń sùn.

Irun, làálì, eyín mímì: ṣé wọ́n kan iṣẹ́ abẹ?

Wọ́n kàn án. Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ inú irun àti yẹtí. Ẹ nu kún èékánná kúrò, ẹ má sì lé làálì dúdú sí ìka rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè ṣìnà. Eyín tó bá ń mì, ẹ fi han dókítà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú tíátà? Ṣé mo lè bá a wọlé?

Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń jẹ́ kí òbí kan wà níbẹ̀ títí oorun á fi gbé ọmọ lọ, àwọn mìíràn kì í gbà. Ẹ béèrè ṣáájú, kí ẹ lè sọ òtítọ́ fún ọmọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa sunkún, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá a wọlé.

Ẹnu ni wọ́n ń gbà ṣe é, kò ní sí ojú ọgbẹ́ lọ́rùn. Ó sábà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ọmọ lè jí pẹ̀lú igbe, kó máa jà, kó má tilẹ̀ dá yín mọ̀, á rọlẹ̀. Ó lè bì ẹ̀jẹ̀ dúdú lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ti gbé mì nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, àti èyí tí èémí rẹ̀ máa ń dúró gan-an lóru, yóò sùn sí wọ́ọ̀dù mọ́jú.

Kí ló máa jẹ nígbà tó bá délé?

Mímu ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀fun tó gbẹ ló ń dùn jù, òun náà ló sì ń pẹ́ jù kó tó jinná, pàápàá nínú ooru oṣù March àti April ní Àbújá. Ẹ fún un lómi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu kan. Bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 8, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n kankan, ẹ pè wá.

Ẹ̀kọ, kọ́sítáàdì, yógọ́ọ̀tì, áísì kírìmù, àmàlà pẹ̀lú ewédú tí kò lata, tùwó rírọ̀, gbogbo wọn dára. Kúnú àti fùrá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é kó má fi atalẹ̀ àti ata sí i. Ọsàn àti ọbẹ̀ ata máa ta á. Zobo máa ta á, ó sì máa jẹ́ kí itọ́ rẹ̀ pọ́n, tí ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni. Kúlíkúlí, ṣinṣín àti kílíṣí di ọ̀sẹ̀ kẹta. Dókítà kan lè ní kó tètè máa jẹ búrẹ́dì. Òmíì á ní nǹkan rírọ̀ nìkan. Èyí tí tiyín bá sọ ni kí ẹ ṣe.

Ara rẹ̀ ti ń yá, ọjọ́ kẹrin ìrora tún padà, nǹkan funfun wà lọ́fun. Ṣé kòkòrò ti wọ̀ ọ́?

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìrora sábà máa ń le láàárín ọjọ́ 3 sí 7, òun sì ni ìgbà tí àwọn òbí ti gbàgbé oògùn. Nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè yẹn ni èépá ọgbẹ́ inú ẹnu. Ẹ má ha á kúrò. Ẹnu rẹ̀ á máa rùn. Etí á dùn ún, nítorí iṣan kan náà ló dé ọ̀fun àti etí.

Ẹ fún un ní paracetamol bí aago ṣe sọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá ké. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni miligiráàmù 15 fún kílò kan, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà: ọmọ kílò 20, miligiráàmù 300. Ẹ ka ara ìgò, nítorí omi oògùn kan le ju òmíràn lọ. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí tíì.

Kẹ́mísì kan ní kódéènì máa mú ìrora náà lọ kíákíá.

Ẹ má fún un. Ara àwọn ọmọ kan máa ń sọ kódéènì di mọ́fíìnì lọ́nà tó yára jù, èémí wọn sì máa ń dúró. Láti 2013 ni Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa lílo rẹ̀ fún ọmọdé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí gan-an. Tramadol náà, ẹ má fún un. Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi oògùn ikọ́ oní-kódéènì wọlé ní 2018, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lórí káńtà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde?

Wákàtí 24 àkọ́kọ́, àti láàárín ọjọ́ 5 sí 10 tí èépá ń ṣí, ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ pupa nínú itọ́ tàbí nínú èébì ni àmì tó hàn gbangba. Èyí tí kò hàn ni ọmọ tó ń sùn, tó ń gbé nǹkan mì léraléra. Ẹ tan iná, ẹ jí i, ẹ wo ẹnu rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ti dá kí ẹ tó délẹ̀. Kó jókòó, kó tẹ orí síwájú, kó máa tu ú sínú abọ́. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Kí ọmọ tó wọ tíátà rárá ni kí ẹ ti mọ mọ́tò tí ẹ máa wọ̀ ní aago 2 òru.

Ìgbà wo ló lè padà síléèwé? Ṣé a lè lọ sílé fún ọdún?

Iléèwé: ọjọ́ 10 sí 14. Ìrìn àjò: ẹ jókòó sítòsí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣí lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ta lẹ máa pè? Iléyá, Kérésì àti ìgbéyàwó àbúrò á dúró, tàbí kí ẹ sún iṣẹ́ abẹ sígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀.

Ọmọ mi ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ṣé ó ṣeé ṣe fún un?

Ó ṣeé ṣe. Kódà ọ̀pọ̀ ọmọ SS ni tọ́ńsìlì wọn máa ń tóbi, tí èémí wọn kì í já gaara lóru, àìtó afẹ́fẹ́ sì lè fa kíráísì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ni. Dókítà ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, ó lè gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, wọ́n á fi dírípù sí i lára kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tutù, yóò sì sùn síbẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún un kó sì lé e lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Bàbá rẹ̀ wà ní Èkó. Ta ló máa fọwọ́ síwèé?

Ìyá lè fọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, ẹ̀yin òbí ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Fóònù àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ máa ń dá gbogbo nǹkan dúró.

Tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé ara rẹ̀ kò ní máa gba àìsàn? Ṣé ó lè tún hù?

Àwọn ẹran mìíràn nínú ọ̀fun àti lára ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọmọ kì í di ọlọ́kùnrùn nítorí rẹ̀. Ọ̀fun ṣì lè máa dùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀fun kò lọ sí ibì kankan. Adenoid lè tún hù díẹ̀ lára ọmọ kékeré. Ti tọ́ńsìlì kò wọ́pọ̀. Ọmọ tó sanra jù lè ṣì máa hanrun, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ bó bá ṣì ń hanrun lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, kí ẹ sì mú fídíò tuntun dání.